Bàbá Mi Ló Ń Ka Ọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀sì

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lọ jókòó ti àgbàlagbà kan, kí a gbọ́ ìtàn iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì tí a kò tíì mọ ọ̀nà tí a ó gbà. Bàbá mi ni mo yàn. Kì í ṣe pé mi ò rí ẹlòmíràn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi àti bàbá mi ń bá ara wa jà lọ́sẹ̀ náà, irú ìjà tí kò ní ariwo, mo sì rò pé tí mo bá ní kí wọ́n sọ ìtàn fún mi, ó kéré tán a ó tún máa sọ̀rọ̀.

Ohun tó fa ìjà náà nìyí. Iṣẹ́ méjì ló wà níwájú mi. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ní Barking, ní London níbí, iṣẹ́ tó dúró, tó ní owó ìfẹ̀yìntì. Èkejì wà ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe kọ́míìkì, ìyẹn ìwé ìtàn alàwòrán. Wọ́n fẹ́ gbà mí láti wá kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan, wọn ò sì ṣèlérí ohunkóhun fún ẹ̀yìn ọdún náà. Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ fún àwọn méjèèjì lésì. Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ àwọn oníkọ́míìkì. Bàbá mi ní rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kọ́míìkì ni bàbá mi fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe.

Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ká ní ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà ló ní kí n má ṣe é, mi ò bá kàn bínú, inú bíbí sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń sọ̀rọ̀, òótọ́ sì ni gbogbo ohun tó ń sọ. Mo wá èsì títí, mi ò rí. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú tún ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí, mo wá ń bínú sí ara mi nítorí ìtìjú náà. Bí mo ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ Àìkú tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sí ilé wa ní Upney. Bàbá mi ò tíì bọ́ sùtánà funfun wọn. Wọ́n jókòó ní kíṣìnì, wọ́n ń bẹ iṣu díẹ̀díẹ̀ nítorí pé ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ìbẹ̀rẹ̀ wo? Ìgbà tí wọ́n bí mi ni, àbí ìgbà tí ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí ní London?"

"Ìgbà tí ebi bẹ̀rẹ̀, sà."

"Ó dáa. Ìyẹn ò pẹ́ rárá."

Ohun tí wọ́n sọ nìyí, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

"Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, orúkọ ni mo máa ń kọ sára mọ́tò àti sára ṣọ́ọ̀bù. Mo wá síbí láti wá kọ́ ìṣirò owó, ìṣirò owó ò sì fẹ́ràn mi. Lọ́jọ́ kan, mo ń gba Castle Green kọjá, mo rí bébà lójú fèrèsé kan lókè ṣọ́ọ̀bù táyà: wọ́n ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Mo gòkè. Mísítà Pẹ́rì ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà, òyìnbó arúgbó kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Ó ní kí n kọ orúkọ mi. Mo kọ ọ́. Ó wò ó, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ parí síbẹ̀.

"Ṣé o mọ iṣẹ́ náà? Ẹni tó ń kọ ìtàn á ti kọ ọ́. Ẹni tó ń yàwòrán á ti yà á. Àwọn èèyàn inú àwòrán á la ẹnu sílẹ̀, wọn ò ní rí nǹkan sọ. Àwa la máa gbé ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Róbótó funfun tó máa ń wà lókè orí wọn yẹn, bàlúùnù là ń pè é. Gègé àti yíǹkì la fi ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan bàlúùnù. Lẹ́tà O nìkan ló ní kí n máa kọ. Òjò rọ̀ títí, òtútù dé, lẹ́tà O ni mo ṣì ń kọ. Tí mo bá kọ ọ́ tó gùn jù, á fa bébà náà ya. Á ní, 'Ẹyin nìyí. Ṣé adìẹ là ń sìn níbí ni?' Ojú títì tún wà nísàlẹ̀ wa. Gbogbo ìgbà tí tírélà bá ń kọjá, tábìlì á máa mì. Mo wá kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi etí kọ̀wé: o ti gbọ́ tírélà kó tó dé, o gbé gègé sókè, o dúró, ó kọjá, o tún bẹ̀rẹ̀. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ tírélà, ọwọ́ mi á gbéra fúnra rẹ̀."

Mo rí i pé òótọ́ ni. Tí ọkọ̀ akóhun-ìdọ̀tí bá kọjá níwájú ilé wa, ọ̀bẹ bàbá mi máa ń dúró lórí iṣu. Láti kékeré ni mo ti ń rí i. Mo rò pé wọ́n kàn ń ronú ni.

"Òfin kan wà tó tóbi ju gbogbo rẹ̀ lọ," ni wọ́n ń bá lọ. "Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ki gègé bọ yíǹkì láì tíì ka ojú ewé náà sókè. Ibi tí èémí bá ti tán nìkan ni ìlà gbọ́dọ̀ ti gé. Àwa méjèèjì á dìde, a ó dojú kọra wa. Èmi ló máa ń fún ní ọ̀rọ̀ áktọ̀. Òun fúnra rẹ̀ á ka ti bọ́ọ̀sì."

Fún ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí bíi tèmi: nígbà tí bàbá mi wà lọ́mọdé, áktọ̀ ni wọ́n ń pe akọni inú fíìmù, bọ́ọ̀sì sì ni òṣìkà tí áktọ̀ máa lù nígbẹ̀yìn. Bàbá mi ò tíì fi orúkọ méjèèjì sílẹ̀.

"Lọ́jọ́ kan ọ̀fun ń dùn ún, ó ní kí n ka ti bọ́ọ̀sì. Inú mi dùn! Mo bú ramúramù, mo rẹ́rìn-ín, mo ń na ọwọ́ sókè sódò. Mísítà Pẹ́rì wò mí títí. Ó ní, 'Kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé inú ń run ọ́ ni?' Mo ní, 'Ọ̀gá, òṣìkà ni mò ń ṣe.' Ó ní, 'Ta ló sọ fún un pé òṣìkà lòun? Ọkùnrin yìí gbà pé òun jàre. Kà á bí ẹni tó jàre. Tí o kò bá lè kà á bẹ́ẹ̀, má kọ ọ́.'

"Ó le, Dọlápọ̀. Àwọn bọ́ọ̀sì kan ò ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu, gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ò ju kí wọ́n jọba ayé. Àwọn yẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n nígbà míì, Mísítà Pẹ́rì á rọra ka ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì kan bí ẹni ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, á wò mí lójú pé kí n fèsì, ohun tí wọ́n kọ fún áktọ̀ á sì jẹ́ 'Gba èyí!' pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́. Màá kà á, ojú á máa tì mí. Èmi tí mo ka 'Gba èyí!' ni mo jàre, nítorí pé ẹ̀ṣẹ́ mi tóbi."

Mọ́mì wọlé láti ibi iṣẹ́ wọn nígbà yẹn. Wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, ó sì ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n wo iṣu, wọ́n wo àwa méjèèjì.

"Iṣu yìí, ṣé ẹ̀ ń bẹ ẹ́ ni, àbí ẹ̀ ń jẹ́rìí fún un?"

"Mò ń sọ ìtàn ìgbésí ayé mi fún ọmọ rẹ."

"Ẹ sọ ibi tí mo dé sí, kí ẹ tètè máa gbé iṣu kaná."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dé ibẹ̀ lóòótọ́.

"Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Yàrá kan la ní ní Goresbrook. Ìtàn kan wà nígbà náà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń bọ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Áktọ̀ ibẹ̀ ń ṣọ́ odò ìlú, ó lè fò. Ìlú náà ní ilẹ̀kùn irin ńlá kan tí wọ́n fi ń dá omi dúró. Bọ́ọ̀sì wá jẹ́ obìnrin kan, Dókítà Vẹ́rà, tó fẹ́ fi tipátipá ṣí ilẹ̀kùn náà. Mo ṣì rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀. 'Ọdọọdún lẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn yìí kí omi má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn olówó, ọdọọdún ni omi náà sì ń yí padà sí ojúlé tiwa. Inú ilé tó kún fómi ni ìyá mi kú sí. Mo wo ojú ọ̀run lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ọ. Lónìí tí mo ní kí omi pín ká, o ti fò dé. Ta gan-an lò ń ṣọ́?'"

Wọn ò gbé ohùn sókè rárá. Mo gbàgbé pé bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀.

"Mísítà Pẹ́rì kà á báyìí. Ó kàn mí. Ohun tí wọ́n kọ fún áktọ̀ ni 'Ó tó gẹ́ẹ́!' Mo la ẹnu, kò jáde. Ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà dáadáa, lẹ́tà tó mọ́, kí gbogbo rẹ̀ hàn. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn ọkàn dá ọ̀gá mi wólẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Èmi nìkan ló kù. Olóòtú ìwé náà wá pè mí lórí fóònù. Ó ní, 'Tí àwọn ọmọdé bá ka èyí, ẹ̀yìn obìnrin yìí ni wọ́n máa wà.' Mo ní, 'Ẹ kúkú fún áktọ̀ lésì, mà.' Ó ní, 'Èsì wo? Láti àárọ̀ ni gbogbo wa ti jókòó lórí ẹ̀!'"

Mọ́mì ti ń rẹ́rìn-ín nídìí sítóòfù. Wọ́n ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

"Ó ní kí n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí n kọ 'Hahaha! Gbogbo yín lẹ máa rì!' síbẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí ọ̀gá mi dé. Kì í ṣe ìgboyà o. Mo gbìyànjú láti kà á sókè bí ẹni tó jàre, ẹ̀rín ló ń pa mí. Ni wọ́n bá gba ojú ewé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọ̀dà funfun pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ní ọ́fíìsì wọn, wọ́n kọ hahaha sórí bébà pélébé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù tí kò yẹ ni wọ́n lò. Bébà yẹn já bọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé.

"Báyìí ló ṣe jáde. Obìnrin kan la ẹnu, omi wà lójú rẹ̀, òfìfo funfun ló wà lókè orí rẹ̀. Ọkùnrin alágbára kan wá fò wálẹ̀, ó pariwo 'Ó tó gẹ́ẹ́!', ó sì lù ú. Áà! Àwọn òbí ń pe ọ́fíìsì wọn láti gbogbo ìlú. Kí ni obìnrin náà sọ tó fi lù ú? Wọ́n rò pé tí wọ́n bá pa ọ̀rọ̀ ẹ̀ rẹ́, áktọ̀ á jàre. Àfi bí áktọ̀ ṣe di òṣìkà tán. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wa ló bà á jẹ́, wọ́n gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ wa."

"Ẹkún ni mo sun," ni Mọ́mì wí. "Mo ní ṣé torí bébà pélébé ni mo ṣe fi Ìjẹ̀bú sílẹ̀?"

"Mo lọ sọ fún ọ̀gá mi ní ọsibítù. Mo rò pé á bínú. Ó kàn ní kí n ka ọ̀rọ̀ obìnrin náà fún òun, ó ní òun máa ṣe áktọ̀. Kò ṣe áktọ̀ rí. Mo kà á. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Ó ní, 'Ọlọ́run mi, obìnrin yìí mà jàre o!' Ẹ̀rín bá pa á títí ikọ́ fi dé, títí nọ́ọ̀sì fi lé mi síta. Kò padà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́."

Bàbá mi ká apá sùtánà wọn sókè. Mo fẹ́ di ọwọ́ wọn mú, mi ò ṣe é, mo sì ti ń kábàámọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀.

"Èmi nìkan ni mo ń bá iṣẹ́ náà lọ fún ọdún púpọ̀. Ìwé ètò ìsìn, àmì ṣọ́ọ̀bù, àwọn kọ́míìkì kéékèèké. Kọ̀ǹpútà wá dé. Ilé iṣẹ́ kan ní kí n kọ gbogbo lẹ́tà láti A dé Z fún wọn, ńlá àti kékeré. Mo kọ ọ́ láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Wọ́n kó o sínú ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ṣáà ti lè tẹ bọ́tìnì, ó lè fi ọwọ́ mi kọ̀wé. Mo ti rí i lára páálí ẹja díndín. Mo rí i lára ìpolówó àwọn tó ń yá èèyàn lówó èlé. Ọwọ́ mi ló ń parọ́, èmi ò sì sí níbẹ̀. Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mò ń bá wọn tún àyè ìlà ṣe.

"Torí náà ni mo ṣe ní rárá. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ò dáa. Ìgbà tí èèyàn bá mọ̀ ọ́n tán ni wọ́n máa ń gbà á lọ́wọ́ ẹni. Tèmi ṣì dúró kí n kọ́ ọ tán. Tìẹ ò ní dúró. Ẹ̀rọ ti ń yàwòrán báyìí, ó ti ń kọ ìtàn. Kí lo wá fẹ́ lọ kọ́ tí kò ní kọ́ ṣáájú rẹ?"

Iṣu jinná, a jẹ ẹ́. Èmi ni mo fọ àwo.

Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, èsì ni mò ń wá kiri. Mo máa ń wà nínú ọkọ̀, màá rò pé mo ti rí i, màá tún rí i pé bàbá mi ti dáhùn ìyẹn náà. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo bá wọn ní pálọ̀.

"Dádì, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká kà á."

"Ká ka kí ni?"

"Èmi á ka ọ̀rọ̀ yín. Kí ẹ̀yin ka tèmi."

Wọ́n wò mí. "Ìyẹn ni pé èmi ni bọ́ọ̀sì."

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ má bínú."

"Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́!" ni Mọ́mì kígbe láti orí àga.

A dojú kọra wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ bàbá mi láti orí. Mi ò fi ṣeré. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó jàre: pé ìgbà tí èèyàn bá mọ̀ ọ́n tán ni wọ́n máa ń gbà á, pé tèmi ò ní dúró. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ nígbà tí mò ń bá a jà. Ọ̀rọ̀ ìdíwọ́ kọ́ ni. Ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bẹ̀ mí. Omi bọ́ lójú mi, mo sì fipá parí rẹ̀.

Ó kan bàbá mi. Wọ́n gbára dì, wọ́n na ọrùn. "Mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ náà nítorí pé…" Wọ́n dúró. "Nítorí pé kí ni? O ò sọ ìyẹn fún mi rí."

 Òótọ́ ni. Gbogbo bí mo ṣe ń wá ohun tí màá fi borí wọn, mi ò sọ ohun tí mo fẹ́ rí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì, ibi tí mo máa ń jókòó sí nígbà tí mo kéré.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ máa ń ka kọ́míìkì fún mi níbí," mo ní. "Àwọn bàbá ọ̀rẹ́ mi máa ń ṣe ohùn burúkú fún òṣìkà. Ẹ̀yin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Màá sùn, màá máa rò ó pé ṣé ẹni yẹn ò tiẹ̀ jàre báyìí? Mo fẹ́ kọ irú ìtàn tí ẹni tí wọ́n máa ṣẹ́gun nígbẹ̀yìn á lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Kò sí ohun mìíràn tí ọkàn mi fẹ́ tó o. Ó sì ń bà mí lẹ́rù gan-an."

Bàbá mi bojú wolẹ̀ wò mí.

"Ìyẹn ò fèsì sí ọ̀rọ̀ mi."

"Mo mọ̀, sà. Kò fèsì sí i."

"Wọ́n á ṣì gbà á lọ́wọ́ rẹ."

"Wọ́n lè gbà á, sà."

"O sì fẹ́ lọ."

"Mo fẹ́ lọ."

Wọ́n jókòó. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò gbà o."

"Ẹ má gbà, Dádì."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo fún àwọn ọ́fíìsì Barking lésì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo fún àwọn oníkọ́míìkì náà lésì. 

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bàbá mi ti wọ kóòtù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ sìn mí dé ibùdókọ̀ reluwé ni. A ń rìn lọ, wọ́n ń ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ ní ayé òde òní, ṣe ló ń fi iṣẹ́ náà kọ́ ẹ̀rọ tó máa lé e kúrò. Ọ̀rọ̀ náà dára gan-an. A dé orí pèpéle, reluwé dé, wọ́n ṣì wà lórí kókó kejì.

"Ọ̀rọ̀ mi ò tíì tán o," ni wọ́n wí.

"Mo mọ̀, Dádì. Ẹ wọlé, ẹ wá parí ẹ̀."

Wọ́n wo òsì, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wọlé. A jókòó tira wa. Láti ibùdókọ̀ kan sí òmíràn, bàbá mi ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Obìnrin kan tó jókòó síwájú wa ti gba tiwọn, ó ń mi orí. Mi ò rí èsì kankan fún ọ̀rọ̀ bàbá mi, mi ò sì tíì rí i títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, torí ìyẹn ni mo ṣe kọ gbogbo rẹ̀ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rò ó bóyá kí ẹ kọ́ irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí a dé, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú mi. Àwọn ni wọ́n rí nọ́ńbà ilé náà kí n tó rí i. Wọ́n tún kọ́là aṣọ mi ṣe, wọ́n sì nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Ibẹ̀ nìyẹn. Tètè wọlé, kí o má pẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́."